Iṣẹ́ Tí Fákọ́tì Kọ̀ọ̀kan Wà Fún ní Yunifásítì: Àlàyé fún Àwọn Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Lọ́dọọdún, bí ìdánwò àṣewọlé JAMB bá ti ń súnmọ́ etílé, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bèèrè ju gbogbo ìyókù lọ: iṣẹ́ wo ló dára jù fún ọmọ láti lọ kọ́ ní yunifásítì? Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè títí ọmọ yóò fi wọlé tán. Kí ni fákọ́tì tí ọmọ náà ń lọ wà fún? Kí ni yóò sì lè ṣe nígbà tó bá jáde níbẹ̀? Ọmọ lè kàwé fún ọdún márùn-ún gbáko, kó gba ìwé-ẹ̀rí tó dára, kó tó wá mọ̀ pé ìwé-ẹ̀rí nìkan kò fún òun láṣẹ láti ṣe iṣẹ́ tí òun torí rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Nítorí irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ àlàyé yìí.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ yunifásítì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Ilé-Ifẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UNIOSUN, wà ní ìlú mẹ́fà. Yunifásítì Iléṣà, tó jáde láti ara ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni àbúrò wọn. Àwọn ti aládàáni náà wà ní Ẹdẹ, Ìwó, Òṣogbo, Ìkẹ́jì-Arákejì àti ibòmíràn. Àwọn àpẹẹrẹ tó wà nítòsí wa yìí ni a ó máa fà yọ, pàápàá jù lọ Ifẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló pẹ́ jù nínú wọn, ìtàn rẹ̀ sì fi ìdí tí wọ́n fi dá fákọ́tì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ hàn kedere.

Àwọn orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́

Ẹ jẹ́ kí a fi agboolé ṣe àpèjúwe. Fákọ́tì ni agboolé. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni ojúlé kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Díìnì ni baálé tó ń darí fákọ́tì, olórí ẹ̀ka sì ń bójútó ojúlé tirẹ̀. Gíwá ni olórí gbogbo yunifásítì. Nígbà mìíràn, agboolé mélòó kan tí iṣẹ́ wọn wọnú ara wọn a máa wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ifẹ̀, níbi tí fákọ́tì ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn, ti ìtọ́jú aláìsàn àti ti eyín ti jọ wà lábẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìlera. Ní UNIOSUN, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n pe gbogbo àwọn ìpín ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀.

Orúkọ kì í sì í dọ́gba láti yunifásítì kan sí èkejì. Ní Ifẹ̀, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà dàgbà sí inú Fákọ́tì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ, nígbà tó jẹ́ pé inú fákọ́tì sáyẹ́ǹsì ló wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì mìíràn. Ìṣirò owó wà ní Fákọ́tì Ètò Ìṣàkóso ní Ifẹ̀, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé sì wà ní Fákọ́tì Ìmọ̀ Àwùjọ. Ọmọ tó bá rò pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì yóò bá ara rẹ̀ nínú agboolé tí kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ nìkan ṣe ìpinnu. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ láti ọdún kìíní dé òpin.

Ẹnu ọ̀nà kan, ẹnu ọ̀nà méjì

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù láàrin àwọn fákọ́tì ni èyí. Àwọn kan wà fún ìmọ̀ fúnra rẹ̀: sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ èdè àti àṣà, ìmọ̀ ìtàn, ìmọ̀ àwùjọ. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ ti parí ohun tí òfin ní kó ṣe. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, yunifásítì ló sì ń ṣọ́ ọ. Àwọn kejì wà fún iṣẹ́ tí òfin orílẹ̀-èdè ti dáàbò bò: ìṣègùn, òfin, ìpoògùn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ ayàwòrán-ilé, iṣẹ́ olùkọ́. Ẹnu ọ̀nà méjì ni tiwọn. Yunifásítì ń ṣọ́ èkíní, ó sì ń fúnni ní oyè. Ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà, tí kì í ṣe ara yunifásítì, ló ń ṣọ́ èkejì, òun ló sì ń fúnni ní ìwé-àṣẹ.

A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ kò bá fọwọ́ sí fákọ́tì kan, yunifásítì lè máa gba ọmọ sí i, kó máa gba owó, kó sì fúnni ní oyè, síbẹ̀ kí ẹnu ọ̀nà kejì wà ní títì. Ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn kan ti kàwé òfin jáde tí wọ́n sì fi ọdún púpọ̀ dúró sílé kí àyè tó yọ fún wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Kì í ṣe pé orí wọn kò pé. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún fákọ́tì wọn ni àwọn aláṣẹ yunifásítì wọn kọjá.

Ìdí tí a fi ní fákọ́tì òfin

Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wa ń lọ láti di lọ́yà. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ilé-ẹjọ́ tí wọ́n bá pàdé kún fún ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí, oyè, ogún àti ìgbéyàwó ìbílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀tọ̀ ni lọ́yà tó ń rojọ́ ní kóòtù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń kọ ìwé àdéhùn ní ọ́fíìsì. Ní Nàìjíríà, ẹnì kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ní ọdún 1959, ìgbìmọ̀ kan tí Unsworth, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ṣe alága fún dábàá pé kí Nàìjíríà máa kọ́ àwọn lọ́yà rẹ̀ fúnra rẹ̀: kí yunifásítì kọ́ wọn ní ìmọ̀ òfin, kí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ sì kọ́ wọn ní bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Òfin tó gbé ètò yìí kalẹ̀ jáde ní ọdún 1962. Ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, òfin sì wà lára fákọ́tì márùn-ún tó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà máa ń kà, ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmólè. Ọkùnrin kan kú ní Èkó láìkọ ìwé ìhágún, ó sì fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín ogún rẹ̀ sí, ní ìdí-igi, tàbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ní orí-ò-jorí? Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní ọ̀nà mẹ́sàn-án, nítorí lójú tirẹ̀, ìdí-igi kò bá ẹ̀tọ́ mu mọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí ìdájọ́ náà padà, ó ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tó ṣì wà láàyè, pé orí-ò-jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò nígbà tí ìjà bá wà. Ní ọdún 1962, ilé-ẹjọ́ àgbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà wa ń sọ lábẹ́ igi ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ní Yorùbá, sínú ìwé òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ fákọ́tì òfin ni láti kọ́ ọmọ tó lè dúró láàrin ayé méjèèjì yìí.

Ọdún márùn-ún ni ẹni tó bá ti ọwọ́ JAMB wọlé ń lò ní fákọ́tì òfin. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò, tí yóò ṣe ìdánwò, tí wọ́n yóò sì pè é sí ẹgbẹ́. Kí wọ́n tó pè é, kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní lọ́yà, bó ti wù kí èsì yunifásítì rẹ̀ dára tó.

Ìlera: ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Ọdún mẹ́fà ni a fi ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Ọdún kìíní sábà máa ń jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì: fisíìsì, kẹ́mísìrì àti ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ nípa bí ara ṣe tò àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìdánwò ńlá kan tó ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ padà. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ ni yóò wọ ilé ìwòsàn, tí yóò máa tẹ̀lé àwọn àgbà dókítà láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jáde, yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àmójútó nílé ìwòsàn tí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà fọwọ́ sí, kó tó gba ìwé-àṣẹ pípé, yóò sì tún sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ní dókítà ni ọmọ yín gbọ́dọ̀ jẹ́: bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ọdún mẹ́jọ ni, láìka ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn.

Nítorí ìdí yìí ni kò fi sí fákọ́tì ìṣègùn láìsí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti Ifẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tó nà dé Iléṣà, níbi tí Wesley Guild tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ti di ẹ̀ka rẹ̀. UNIOSUN ní tirẹ̀ ní Òṣogbo, èyí tó jẹ́ ti LAUTECH kí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó pín ohun tí wọ́n jọ ní.

Bí a ti dárúkọ Wesley Guild, ó yẹ kí a sọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ wa kò mọ̀. Láti ọdún 1956, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí i pé kí ọmọ tó ṣàìsàn ojú rí ni ìwọ̀n ara rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ó ṣe káàdì kan tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú, tí wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, kí ojú lè rí i bí ìlà náà bá tẹ̀ wálẹ̀. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i tí wọ́n ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí abúlé dípò kí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ ńlá nínú ìlú, ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ìwé-àṣẹ tirẹ̀ àti oyè tirẹ̀. Kì í ṣe dókítà tí kò parí ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń sọ pẹ̀lú àìmọ̀kan.

Ìpoògùn náà rí bẹ́ẹ̀. Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fúnni ní oyè yunifásítì nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, ìwé-ẹ̀rí tí kò tó oyè ni àwọn apòògùn ń gbà. Fákọ́tì yìí kò dá fún kíka oògùn láti inú ìgò sínú ìwé ìléwọ́. Ní ọdún 1971, àwọn olùwádìí Ifẹ̀ tẹ ìwé jáde nípa gbòǹgbò orín àtà, tí àwọn bàbá wa fi ń rin ẹnu, pé omi tí wọ́n fà jáde lára rẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ tó ti yí padà nítorí àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde sí bó ti yẹ kó rí, nínú ìgò àyẹ̀wò. Inú ìgò ni a wí o. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ sá kúrò nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ rí ohun tí fákọ́tì ìpoògùn ń ṣe: ó ń gba ohun tí àgbà mọ̀, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń wọn ìdáhùn.

Fákọ́tì ẹ̀kọ́, tí àwọn ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú

Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ òbí ka fákọ́tì yìí sí ibi tí a ń sọ ọmọ sí nígbà tí ibi gbogbo bá ti kọ̀ ọ́. Èrò àṣìṣe ni. Lójú tiwa, fákọ́tì kan kò tíì ṣe ohun tó kan ará ilé gbogbo wa ju ohun tí ti Ifẹ̀ ṣe ní ọdún 1970 lọ.

Ní ìgbà náà, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kàn há sórí níbẹ̀, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọn ò sì tíì mọ Yorùbá kọ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ìbéèrè tó rọrùn: bí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko ńkọ́, tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú sì ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò, ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìwé ìmọ̀ àwùjọ ní Yorùbá, nítorí kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ní Yorùbá nínú kíláàsì rí. Wọ́n sì ní kíláàsì mìíràn tí wọ́n fi ń kọ́ni bí ti àtijọ́, kí wọ́n lè fi èkíní wé èkejì.

Ẹ̀rù ba àwọn òbí kan, kò sì yẹ kí a dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun dán nǹkan wò, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi ṣe ìdánwò àṣewọlé sí girama? Èsì rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa tó àwọn ẹgbẹ́ wọn tàbí jù wọ́n lọ, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn tó ń jiyàn lórí èdè ìkọ́ni ní ilẹ̀ Áfíríkà ṣì ń tọ́ka sí Ifẹ̀ títí dòní.

Nítorí náà, kì í ṣe kí a kàn kọ́ olùkọ́ ní bí yóò ti di ṣọ́ọ̀kì mú ni fákọ́tì ẹ̀kọ́ wà fún. Ó wà láti wádìí bí ọmọ ènìyàn ṣe ń mọ nǹkan. Ẹni tó bá gba oyè níbẹ̀ yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́, TRCN, kó tó di olùkọ́ tí òfin mọ̀. Ẹni tó kàwé fisíìsì ní fákọ́tì sáyẹ́ǹsì tó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní láti padà wá gba ìwé-ẹ̀rí lórí ìkọ́ni.

Àwọn tó ń gbé àwọn yòókù ró

Fákọ́tì sáyẹ́ǹsì ni ìpìlẹ̀ tí ojú kì í rí. Ní ọdún kìíní, ibẹ̀ ni ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà, èyí tó fẹ́ ṣe apòògùn, ẹnjiníà àti àgbẹ̀ ti ń pàdé ara wọn nínú gbọ̀ngàn kan náà. Ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí tí kò ní orúkọ iṣẹ́ kankan lára wà, tí wọ́n ń wá ìdí ohun nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Fákọ́tì ìmọ̀ èdè, ìtàn àti àṣà ni àwọn ènìyàn máa ń bi pé, "Kí ni yóò fi ṣe?" Àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, àwọn ògbufọ̀, àwọn òǹkọ̀wé, àwọn tó ń kọ ìwé tí àwọn ọmọ wa ń lò nílé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ wọn ti ibẹ̀ wá. Ní Ifẹ̀, Wándé Abímbọ́lá sọ ẹsẹ Ifá di ohun tí a ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì di Gíwá níbẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ́ni níbẹ̀, ó sì ń kọ eré. Wọlé Ṣóyínká darí ẹ̀ka eré oníṣe. Ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun tí Ọlá Rótìmí darí kò sì dúró sínú ọgbà yunifásítì, àárín ìlú ni ó wà, ibẹ̀ ni àwọn ará Ifẹ̀ tí kò mọ̀wé ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wo eré.

Ti ètò ìṣàkóso ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà, ó sì ṣì ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ ti ìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. Ìmọ̀ àwùjọ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń wo ìlú dípò kó máa darí rẹ̀.

Ti iṣẹ́ ọ̀gbìn ni fákọ́tì tí àwọn ọmọ wa ń sá fún jù, bóyá nítorí pé wọ́n rí ìyà tí àwọn òbí wọn jẹ lóko. Ọdún márùn-ún ni, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọdún oko, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti gbin nǹkan, tí yóò sin ẹran, tí yóò sì kórè. Ilé ìwádìí tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, wà lábẹ́ yunifásítì Ifẹ̀. Ẹ̀wà Ife Brown tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀, orúkọ ibi tó ti jáde ló wà lára rẹ̀ yẹn.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ náà jẹ́ ọdún márùn-ún, pẹ̀lú oṣù mélòó kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní ilé iṣẹ́ gidi. COREN ni ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀.

Fákọ́tì tó wà ní ìlú mẹ́fà

Nígbà tí ìjọba dá UNIOSUN sílẹ̀ ní ọdún 2006, wọn kò kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Ìlú méjì ni wọ́n mú ní ẹkùn ìdìbò ilé aṣòfin àgbà kọ̀ọ̀kan. Òṣogbo gba ìmọ̀ ìlera, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Òkukù gba ètò ìṣàkóso àti ìmọ̀ àwùjọ. Èjìgbò gba iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ìkirè gba ìmọ̀ èdè àti àṣà. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà gba ẹ̀kọ́. Ìfẹ́tẹ̀dó gba òfin.

Ànfààní rẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá dé àwọn ìlú náà. Ilé ń dìde, àwọn ìyá ń ta oúnjẹ, ọlọ́kadà ń rí èrò gbé, ọmọ ìlú kékeré sì ń rí yunifásítì láti ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní fi ìdí kejì pamọ́. Bí a ti rí i lókè yìí, fákọ́tì máa ń yá nǹkan lọ́wọ́ ara wọn: iṣẹ́ ọ̀gbìn nílò kẹ́mísìrì, òfin nílò ìmọ̀ ìṣèlú àti èdè, ẹ̀kọ́ nílò gbogbo wọn. Nígbà tí agboolé kọ̀ọ̀kan bá wà ní ìlú tirẹ̀, olùkọ́ ni yóò rìn, tàbí akẹ́kọ̀ọ́, tàbí kí wọ́n kọ́ yàrá àyẹ̀wò kan náà sí ibi mẹ́ta. Òbí tó ń rán ọmọ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè ìlú tí ọmọ yóò ti lo ọdún kìíní àti èyí tí yóò ti lo ìyókù, kó tó san owó ilé ọdún kan sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó yàn

Àjọ tó ń mójútó àwọn yunifásítì, NUC, ló ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìfọwọ́sí pípé máa ń wà fún ọdún márùn-ún. Èyí tó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ máa ń wà fún ọdún méjì. Ẹ̀ka tí wọ́n bá kọ̀ kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun. Ẹ kíyèsí i pé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Yunifásítì lè ní orúkọ ńlá, kí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ má yege.

Fún àwọn fákọ́tì ẹnu ọ̀nà méjì, ẹ tún bèèrè nípa ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà, àti iye ọmọ tó fọwọ́ sí lọ́dún. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí àádọ́ta tí ọgọ́rùn-ún sì wà nínú kíláàsì, ìdajì wọn wà nínú ewu láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ìṣègùn, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn dókítà nígbà tó wà ní yunifásítì yóò ní ìdààmú nígbà tó bá jáde.

Ọ̀nà sí fákọ́tì bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kẹrin nílé-ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí ọmọ bá ń yan iṣẹ́ tí yóò máa kà. Kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìwé mẹ́wàá ni ìpìlẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń wà lára wọn. Ní JAMB, ọmọ tó fẹ́ ìṣègùn yóò ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, kẹ́mísìrì àti fisíìsì; èyí tó fẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò fi ìṣirò rọ́pò ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Ọmọ tó bá ti fi fisíìsì sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin ti ti ilẹ̀kùn méjèèjì yẹn mọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ń sọ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ti ọdún tí ẹ wà, nítorí ó máa ń yí padà.

Bí ọmọ bá ti wọlé tó sì rí i pé kì í ṣe agboolé òun nìyí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà kó yí fákọ́tì padà lẹ́yìn ọdún kìíní, bí èsì rẹ̀ bá dára tó, tí fákọ́tì tuntun bá ní àyè, tí iṣẹ́ tó yege nínú ìwé mẹ́wàá rẹ̀ bá sì bá a mu. Ọ́fíìsì fákọ́tì méjèèjì yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, wọn yóò sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB pẹ̀lú. Kí ó rí i pé orúkọ fákọ́tì tuntun náà ti wà lójú òpó JAMB kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kíláàsì níbẹ̀, nítorí orúkọ tó wà lọ́dọ̀ JAMB ni ilé iṣẹ́ àwọn àgùnbánirọ̀ yóò fi wé ti ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ nígbà tó bá parí.